Ìjà Tó Wà Lẹ́yìn Kámẹ́rà: Àwọn Òṣèré Aláwọ̀ Dúdú Nínú Eré Sópù Ọ̀sán ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ eré orí ìtàgé, àti ẹ̀yin ará wa tí ẹ kàn fẹ́ràn eré tẹlifíṣọ̀n, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dá lórí eré sópù, ìyẹn eré onítàn gígùn tí ń bá a lọ láti apá kan sí òmíràn, tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń wò lọ́sàn-án, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, àti lórí ohun tí ojú àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú ti rí nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìròyìn bá jáde pé òṣèré kan ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, tàbí pé òṣèrébìnrin kan ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní kó máa lọ, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń bèèrè ni pé ta ló níwà burúkú nínú wọn. Èmi kò gbà pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìjà ìwà, ìjà iṣẹ́ ni: ìjà lórí ẹni tó ń kọ ìtàn, ẹni tó ń ṣe irun, iye ọjọ́ tí òṣèré yóò rí iṣẹ́ ṣe, àti iye tí wọ́n ń san. Bí a bá ń ka ojú dúdú tó hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan, tí a kò wo àwọn nǹkan wọ̀nyí, ara wa là ń tàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè mọ ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí rédíò ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1930. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, irú bíi Procter & Gamble, ló ń gbé owó kalẹ̀ fún un kí wọ́n lè rí àwọn ìyàwó ilé polówó ọjà fún. Ọ̀kan nínú wọn, Guiding Light, bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1937, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1952, kò sì dáwọ́ dúró títí di 2009. Eré tó bá ń jáde fún wákàtí kan lójúmọ́, lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, yóò tó nǹkan bí apá 250 lọ́dún, kò sì sí àsìkò ìsinmi gígùn bí àwọn eré alẹ́ ṣe ń ní. Òṣèré á gba ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, á há a sórí, á dé sitúdíò láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ya ìran kan lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á sì bọ́ sí èyí tó kàn. Àdéhùn iṣẹ́ náà sì nínira tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ a máa fi ọ̀sẹ̀ 13 sí ọ̀sẹ̀ 13 pín in, kí wọ́n lè dá òṣèré dúró ní ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan bí ó bá wù wọ́n, nígbà tí òṣèré fúnra rẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti kúrò. Apá tí ó bá kópa nínú rẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, àdéhùn sì máa ń sọ iye apá tí ó dájú fún un lọ́sẹ̀. Ẹni tí àwọn òǹkọ̀wé bá gbàgbé kì í ṣe pé ògo rẹ̀ dínkù nìkan, owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló dínkù.

Mi ò ní sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń jà nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣèré funfun náà ti bá ara wọn fa wàhálà lórí ojú ìwé, lórí ìran, lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jáde. Ibi tí àárẹ̀, owó àti ìlara bá ti pàdé, ìjà kò ní ṣàì wà. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ìlú àfinúrò tí eré sópù máa ń gbé kalẹ̀, ẹbí funfun mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń ní ilé ńlá, ilé iṣẹ́, ogún àti ọ̀tá ìrandíran. Aláwọ̀ dúdú tó bá wà níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tàbí ẹni méjì: dókítà tó ń gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn, ọlọ́pàá tó wá fi ẹ̀wọ̀n mú ọ̀daràn, tàbí nọ́ọ̀sì tí a kò mọ ìyá rẹ̀, tí a kò mọ ilé rẹ̀. Láti 1966 lọ, Guiding Light lo àwọn òṣèré tí gbogbo ayé padà mọ̀: Billy Dee Williams àti James Earl Jones ṣe dókítà kan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Cicely Tyson àti Ruby Dee sì ṣe ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì. Ẹ wo òṣèré mẹ́rin tó dáńtọ́ báyìí, tí wọ́n ń gba ipò ẹni méjì péré lọ́wọ́ ara wọn. Ìtàn tí kò bá ní gbòǹgbò, ó rọrùn láti fà tu, ẹni tó sì mọ̀ pé wọ́n lè fa òun tu lọ́sẹ̀ 13 sí i kì í lè sọ tinú rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹni tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù ni Ellen Holly. Wọ́n bí i ní New York ní ọdún 1931, ó sì ti di òṣèré orí ìtàgé gidi kí tẹlifíṣọ̀n tó pè é. Ó ṣeré ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, ó sì ṣe eré Shakespeare lábẹ́ Joseph Papp, olùgbéréjáde orí ìtàgé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó pupa. Àwọn tó ń wá òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú á wò ó, wọ́n á ní kò dúdú tó. Àwọn tó ń wá òṣèrébìnrin funfun kò sì lè mú un nígbà tí wọ́n bá ti mọ ìran tó ti wá. Ní 1968 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn New York Times, ó fi béèrè pé báwo ni èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ dúdú tó kí wọ́n tó kà á mọ́ dúdú. Ọdún yẹn le. Wọ́n pa Martin Luther King ní oṣù kẹrin, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí rògbòdìyàn ìgboro, èyí tí wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ Kerner, sì ti sọ ṣáájú pé àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà ń fi ojú aláwọ̀ funfun nìkan wo ayé.

Agnes Nixon, obìnrin funfun tó dá eré sópù One Life to Live sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ní oṣù keje ọdún náà, mọ̀ nípa Holly, ó sì fún un ní ipò kan tí a kò tíì rí irú rẹ̀ lọ́sàn-án. Holly wọlé gẹ́gẹ́ bí Carla Benari, òṣèrébìnrin tí gbogbo Llanview, ìlú inú eré náà, gbà pé òyìnbó ni. Dókítà funfun kan fẹ́ ẹ sọ́nà. Lẹ́yìn náà, dókítà dúdú kan wọ inú ọ̀rọ̀, ọkàn Carla sì fà sí i. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹnu kora wọn lẹ́nu, àwọn òǹwòran kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí ni obìnrin funfun tó ń fi ẹnu ko ọkùnrin dúdú lẹ́nu. Ìbínú sọ. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Texas yọ eré náà kúrò lórí afẹ́fẹ́ pátápátá. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi fi àṣírí náà pamọ́ kí ó tó hàn pé Sadie Gray, obìnrin dúdú tó ń bójú tó ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn, tí Lillian Hayman ń ṣe, ni ìyá tó bí Carla, àti pé ọmọ náà ti sá fún ìyá rẹ̀ àti fún àwọ̀ rẹ̀. Èmi gbà pé kò sí ìran tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn eré ọ̀sán: ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ lójú, tí ọmọ ń díbọ́n pé òun kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè kan kò fẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ wà nínú ojú obìnrin méjì yẹn.

Eré náà gbayì, orúkọ rẹ̀ kàn, ìtàn Carla sì wà lára ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ní 1979, Al Freeman Jr., tó ṣe Ed Hall, ọlọ́pàá tó fẹ́ Carla níyàwó, gba Daytime Emmy, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn eré ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí òṣèrékùnrin tó kó ipa pàtàkì jù. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba á. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka ojú ní ìgbà yẹn, yóò sọ pé ọ̀nà ti là. Àmọ́ nígbà tí Holly kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1996, ohun tó sọ yàtọ̀. Ó ní owó tí wọ́n ń san fún òun kò sún mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tó jẹ́ funfun tí àwọn jọ wà ní ipò kan náà, pé bí ìtàn Carla ti parí iṣẹ́ fífa òǹwòran wọlé báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í sẹ́yìn, pé òun bèèrè, òun sì tún bèèrè, tí wọ́n sì ń wo òun bí aláìmoore. Wọ́n dá a dúró ní 1985. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Lillian Hayman náà lọ. Ìyá àti ọmọ tí wọ́n fi kọ́ ilé náà kò sí nínú ilé mọ́.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nínú ìtàn Holly ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò rí iṣẹ́ eré tó pọ̀ mọ́. Ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ó yege, ó sì di òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní White Plains, nítòsí New York. Iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ ilé ìkàwé, mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lérí ní ọ̀sán gangan, tí àìmọye ilé ń wò ó, yẹ lẹ́ni tí ilé iṣẹ́ eré máa ń pè títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ní ẹni ọdún 92, àwọn ìwé ìròyìn ńlá sì kọ nípa rẹ̀ tìyìntìyìn. Ìyìn náà pẹ́ kó tó dé.

Àwọn ilé iṣẹ́ ní àwáwí kan tí wọ́n máa ń fi bo ọ̀rọ̀, òun ni lẹ́tà àwọn òǹwòran. Ní 1977, Days of Our Lives ti NBC fẹ́ fa ìfẹ́ láàárín David, ọ̀dọ́kùnrin funfun, àti Valerie, ọmọbìnrin dúdú tí Tina Andrews ń ṣe. Lẹ́tà ìbínú dé, ìtàn náà sì rọ lọ, Andrews sì kúrò nínú eré. Ẹ kíyè sí ẹni tó san gbèsè náà. Kì í ṣe òǹkọ̀wé, kì í ṣe olùgbéréjáde, kì í ṣe ọ̀dọ́kùnrin funfun inú ìtàn: ọmọbìnrin dúdú ló lọ. Bí wọ́n bá sì bi ilé iṣẹ́, wọ́n á ní àwọn kò ní ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni, ọjà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ibi nìkan ni mo wá kà. Ní All My Children, eré mìíràn tí Agnes Nixon dá sílẹ̀, Darnell Williams àti Debbi Morgan ṣe Jesse àti Angie Hubbard, ìfẹ́ wọn sì gbajúmọ̀ débi pé a kà wọ́n sí tọkọtaya dúdú àkọ́kọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń bá yọ̀ lọ́sàn-án. Williams gba Daytime Emmy ní 1983 àti ní 1985, Morgan gba tirẹ̀, ti òṣèrébìnrin tó kó ipa àtìlẹ́yìn, ní 1989. Ó yẹ kí a dárúkọ wọn tìdùnnú-tìdùnnú. Bákan náà ni Generations, tí NBC gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1989. Sally Sussman ló dá a sílẹ̀, ìlú Chicago ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ẹbí dúdú kan, àwọn Marshall, sì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ àìsìkiriìmù wọn, bí ẹbí funfun ṣe wà. Kristoff St. John àti Vivica A. Fox wà níbẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi pa á tì, ní oṣù kìn-ín-ní 1991, nítorí pé òǹwòran kò tó. Ibi tí St. John bọ́ sí ní ọdún kan náà ni The Young and the Restless ti CBS, níbi tí ó ti ṣe Neil Winters títí ó fi kú ní 2019, ibẹ̀ náà ló sì ti bá Victoria Rowell.

Rowell ti wà níbẹ̀ láti 1990. Drucilla Barber ni orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú eré náà: ọmọ ìgboro tí kò mọ̀wé, ẹlẹ́nu mímú, tó di oníjó ballet àti afẹwàṣiṣẹ́. Láti 1988 ni eré náà ti ń ṣe ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn eré ọ̀sán, àwọn ìdílé dúdú sì wà lára àwọn tó ń wò ó lójúlówó jù lọ, ìyá àgbà, ìyá, ọmọ, láti ìran dé ìran. Èyí ni Rowell fi ń sọ̀rọ̀. Ó ń béèrè pé bí àwọn wọ̀nyí bá wà lára ẹni tó gbé eré náà ró, kí ló dé tí kò fi sí aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tó ń kọ ọ́, àwọn tó ń darí rẹ̀, àti àwọn tó ń ṣe irun òṣèré?

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi irun díẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń gbọ́ ọ bí ohun tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò sí obìnrin kan níbí tí yóò fojú kéré rẹ̀. Ẹ fojú inú wo yàrá mékọ́ọ̀pù ní aago mẹ́fà àárọ̀. Àga mélòó kan wà, wọ́n kọjú sí dígí tí gílóòbù yí ká. Òṣèrébìnrin funfun jókòó, wọ́n fọ irun rẹ̀, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n ká a, ó dìde. Òṣèrébìnrin dúdú jókòó sórí àga kejì. Onídìrí tí wọ́n gbà síṣẹ́ kò di irun bíi tirẹ̀ rí. Ooyà tó wà nílẹ̀ kò wọ inú rẹ̀. Ó bu omi lé e, irun súnkì. Ó gbé irin gbígbóná sí i, etí irun jó. Àtíkè tó bá awọ rẹ̀ mu kò sí nínú àpótí, ìyẹn tó súnmọ́ ọn jù yóò sọ ojú rẹ̀ di eérú bí iná sitúdíò bá ti tàn sí i. Nítorí náà, òṣèrébìnrin yìí ti kẹ́kọ̀ọ́ láti jí ṣáájú gbogbo èèyàn, kó di irun ara rẹ̀ nílé, kó sì ru àpótí mékọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́, tí ó sì sọ pé òun kò ní ṣe é mọ́ àyàfi tí wọ́n bá gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìran àkọ́kọ́ á pẹ́, olùdarí á máa wo aago, àwọn òṣèré yòókù á máa kùn pé òun ló ń dá gbogbo wọn dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìròyìn á ti kárí ilé pé ó le láti bá ṣiṣẹ́. Báyìí ni àìní ooyà ṣe ń di ìwà burúkú obìnrin kan.

Ọ̀pọ̀ òṣèrébìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ti sọ irú ìtàn yìí ní gbangba, Rowell sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀ láàárín àwọn òṣèré eré ọ̀sán. Ó kúrò níbẹ̀ ní 2007. Nínú ìtàn, Drucilla já bọ́ láti orí òkè, wọn kò sì rí òkú rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé nínú eré sópù, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún un láti padà. Kò padà. Ní oṣù kejì ọdún 2015, ó pe CBS àti Sony Pictures Television, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe eré náà, lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n kọ̀ láti gba òun padà nítorí pé òun ń jà fún àwọn aláwọ̀ dúdú níwájú kámẹ́rà àti lẹ́yìn rẹ̀. CBS dáhùn pé Rowell fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, àti pé ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò gbọ́ ẹ̀rí wọn dé òpin. Ẹ̀sùn ni ẹ̀sùn ń jẹ́, mi ò sì ní kà á sí ìdájọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ̀sùn náà dá lé: kò béèrè pé kí wọ́n fẹ́ràn òun, kò béèrè pé kí ẹlẹgbẹ́ kan túúbá. Iṣẹ́ ló béèrè, fún ara rẹ̀ àti fún àwọn òǹkọ̀wé, olùdarí àti onídìrí tí wọn kò tilẹ̀ tíì gbà síṣẹ́ rí.

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ funfun wí, láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sunkún níwájú kámẹ́rà, wọ́n mọ orúkọ ọmọ ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá dìde láti sọ̀rọ̀ nípa irun tàbí owó, wọ́n á dákẹ́, nítorí àdéhùn tiwọn náà ń bọ̀ wá pé ọ̀sẹ̀ 13. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń sọ ọ̀rọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Bí ọwọ́ mẹ́wàá bá nà sókè nínú yàrá náà, wọn yóò gba onídìrí mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọwọ́ kan bá nà sókè, wọ́n á wá ẹlòmíràn tí yóò rọ́pò ọlọ́wọ́.

Nínú eré The Young and the Restless kan náà, Mishael Morgan, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní Trinidad, ṣe Hilary títí di 2018, nígbà tí òun àti ilé iṣẹ́ kò lè fẹnu kò lórí owó. Wọ́n pa Hilary nínú ìtàn. Àwọn òǹwòran ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni ṣọ̀fọ̀ ọmọ ilé. Ní 2019 wọ́n pè é padà, wọ́n fi orúkọ mìíràn sí i, Amanda Sinclair, ní 2022 ó sì gba Daytime Emmy gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tó kó ipa pàtàkì jù. Láti 1974 ni wọ́n ti ń pín àwọn àmì ẹ̀yẹ yìí, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba èyí. Ọdún 48! Ẹ rántí pé obìnrin tí wọ́n dé ládé yìí kan náà ni wọ́n jẹ́ kó lọ nítorí owó ní ọdún mẹ́rin ṣáájú.

Mo fẹ́ ya sí Brazil díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìyá wa tó wà níbẹ̀. Alẹ́ ni àwọn ti Brazil máa ń wo eré tiwọn, kì í ṣe ọ̀sán, àmọ́ ìṣòro náà kan náà ni. Ní 1969, TV Globo kun ojú òṣèré funfun kan, Sérgio Cardoso, ní dúdú kí ó lè ṣe ẹrú, nígbà tí àwọn òṣèré dúdú wà nílẹ̀ tí wọn kò ríṣẹ́. Ní 2018, Globo kan náà gbé Segundo Sol jáde, ìtàn tí wọ́n fi sí Bahia, ìpínlẹ̀ tí orúkọ Ṣàngó àti Yemọja kò tíì kú lẹ́nu wọn, tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àdàlù sì pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣèré tó kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀ jẹ́ funfun. Àwọn èèyàn fárígá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni ẹni tó kọ ìwé sí Globo: àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni, Ministério Público do Trabalho. Wọn kò pè é ní ọ̀rọ̀ ẹwà tàbí ọ̀rọ̀ àṣà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ àti ẹni tí wọn kò gbà ni wọ́n pè é, mo sì gbà pé wọ́n pè é bó ṣe yẹ.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi fà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní CBS ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2025, nígbà tí Beyond the Gates bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí NBC ti gbé Passions jáde ní 1999, kò sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó tún bẹ̀rẹ̀ eré sópù ọ̀sán tuntun. Michele Val Jean ló dá a sílẹ̀, obìnrin dúdú tó ti kọ̀wé fún Generations, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé fún àwọn eré ọ̀sán mìíràn. Àjọ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wà nínú ìgbéjáde rẹ̀, Procter & Gamble náà sì wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́ṣẹ ìjọ́un. Ìtàn náà dá lórí àwọn Dupree, ẹbí dúdú olówó tó ń gbé ní àdúgbò tí géètì yí ká ní Maryland, nítòsí Washington: bàbá jẹ́ sẹ́nátọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí Clifton Davis ń ṣe, ìyá jẹ́ olórin tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nígbà kan, tí Tamara Tunie ń ṣe. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní gbòǹgbò, wọ́n ní ọ̀tá.

Kò tíì pẹ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní fi ìyìn pa á. Àmọ́ ìran kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Dani Dupree, tí Karla Mosley ń ṣe, gbé ìbọn lọ síbi ìgbéyàwó ọkọ rẹ̀ àtijọ́, ó sì na ìbọn náà níwájú gbogbo àwọn tó wá bá wọn ṣe é. Ká ní Dani nìkan ni obìnrin dúdú tó wà ní ìlú inú eré náà, irú ìran bẹ́ẹ̀ ni ìbá dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà. Òṣèrébìnrin náà ìbá gba ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbá kà á, ìbá sì mọ̀ pé wọ́n tún ti fẹ́ fi òun ṣe obìnrin dúdú oníbìínú tí gbogbo Amẹ́ríkà ti mọ̀ sórí. Ìbá lọ kan ilẹ̀kùn àwọn òǹkọ̀wé, wọn ìbá sì ní ó ti tún dé. Níbí, ẹ̀gbọ́n Dani, Nicole, tí Daphnee Duplaix ń ṣe, jẹ́ dókítà ọpọlọ, ó sì wà níbẹ̀. Ìyá wọn wà níbẹ̀. Ọkọ tó dà á jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìyàwó tuntun jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó wá sí àríyá, àwọn ọ̀rẹ́, àwọn ẹlẹ́gàn, tiwọn ni púpọ̀ nínú wọn. Obìnrin dúdú ló sì ń darí àwọn tó kọ ọ́. Mosley kò ní láti gbé gbogbo ìran rẹ̀ lé èjìká nínú ìran kan ṣoṣo. Ó lè ya wèrè, ó lè ṣẹ̀, ó lè jẹ̀bi, kó sì padà wá lọ́jọ́ kejì, kí ìtàn máa lọ, bí àwọn òṣèrébìnrin funfun ti ń ṣe e lọ́sàn-án láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti dé.